Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Àyè Ṣe Iṣẹ́ Igi Kékeré Nínú Ṣọ́ọ̀bù Ilé Yín

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan ní Ìbàdàn, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kọ̀wé pé òun fi páànù àti pákó kọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé òun láti máa ṣe iṣẹ́ igi, kì í ṣe fún títà, bí kò ṣe nítorí pé ọkàn òun fẹ́ ẹ. Ó ra pákó arère kan ní Bódìjà láti fi ṣe àpótí ìjókòó mẹ́ta, ṣùgbọ́n láti ìgbà òjò ni pákó náà ti wà nílẹ̀. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò dáná, yóò wo iṣẹ́ àwọn ọmọ; ọjọ́ Sátidé ti di ti òde àríyá, ọjọ́ Àìkú sì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó béèrè bóyá kí òun dúró de ìsinmi gígùn, bóyá kí òun ra ẹ̀rọ ayùn kí iṣẹ́ lè yá, àti bóyá kí òun ṣe àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tàbí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa, ẹ sì kú àmójútó ilé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ṣe kókó jù: ẹ má ṣe dúró de ìsinmi gígùn. Ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń dúró dè é. Ìgbà náà ni àwọn ẹbí máa ń dá ọjọ́ ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí, ìgbà náà ni àwọn ọmọ máa ń wà nílé láti àárọ̀ títí di alẹ́, ìgbà náà sì ni ara yín yóò béèrè ìsinmi tó tọ́ sí i. Bí ọjọ́ mélòó kan bá tilẹ̀ ṣófo nínú rẹ̀, ọwọ́ tí kò ti mú ayùn láti oṣù mẹ́ta yóò lo èyí tó pọ̀ nínú ọjọ́ àkọ́kọ́ láti tún bá iṣẹ́ mọra. Ìrọ̀lẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú 40 sí 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú wákàtí kan àbọ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé nígbà tí òde kò bá fi òwúrọ̀ pè yín, ni mo fẹ́ kí ẹ wá. Mo mọ̀ pé ó lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àpótí ìjókòó kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá gé iṣẹ́ rẹ̀ sí bí àyè wa ṣe mọ.

Gígé iṣẹ́ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ní ìṣẹ́jú 40, tó sì sọ fún ara rẹ̀ pé àpótí ni òun fẹ́ ṣe, kò ní wọ ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ó mọ̀ pé ìṣẹ́jú 40 kò lè tó àpótí. Yóò jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, yóò sì sọ pé òun kò ní àyè. Bí ó bá sọ fún ara rẹ̀ pé ẹsẹ̀ méjì ni òun fẹ́ gé sí gígùn tó yẹ, ìṣẹ́jú 40 tó o, yóò sì ṣẹ́kù èyí tí yóò fi gbálẹ̀. Àwọn àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà ilẹ̀ wa ti pín iṣẹ́ wọn báyìí tipẹ́. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé ọmọ Àrẹògún ní ibi iṣẹ́ ọnà tí àwọn Fadá ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Oyè-Èkìtì, tó sì di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀ kí ó tó papò dà ní 2009, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe àlàyé ìpele mẹ́rin tí wọ́n máa ń gbẹ́ ère gbà: ọnà lílé, níbi tí wọ́n ti ń fi àáké la ìrísí ère jáde lára ìtì igi, àlétúnlé, níbi tí wọ́n ti ń ya ojú, etí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sọ́tọ̀, dídán, níbi tí wọ́n ti ń mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, àti fínfín, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ fín ọnà sí i lára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìpele wọ̀nyí ní irinṣẹ́ tirẹ̀ àti òpin tirẹ̀. Ẹni tó bá parí ọnà lílé lónìí mọ ibi tí òun dúró sí, ó sì mọ irinṣẹ́ tí òun yóò gbé bí òun bá padà dé. Púpọ̀ nínú wọn náà ló tún ń dáko. Oko kò dúró de ère, ère náà kò sì dúró de oko.

Ẹ jẹ́ kí a wá pín àpótí tiyín. Mo gbà pé pákó tí ẹ rà nípọn ní ínṣì 1, ó fẹ̀ ní ínṣì 12, ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 bí wọ́n ṣe sábà máa ń tà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ínṣì 1 ti ọjà pákó kì í sábà pé ínṣì 1 mọ́ bí a bá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Fún àpótí kan, ẹ gé orí rẹ̀ sí ínṣì 14 ní gígùn àti 10 ní fífẹ̀. Ẹ gé ẹsẹ̀ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ínṣì 10, tó sì fẹ̀ ní 9. Ẹ wá la pákó ẹ̀gbẹ́ méjì tó gùn ní ínṣì 12, tó sì fẹ̀ ní ínṣì 2 àbọ̀, èyí tí yóò so ẹsẹ̀ kan pọ̀ mọ́ èkejì lábẹ́ orí àpótí. Orí kan àti ẹsẹ̀ méjì gba ínṣì 34 lára gígùn pákó. Ìyẹn fún àpótí mẹ́ta jẹ́ 102. Pákó ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà yóò jáde láti inú ègé méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ínṣì 12, gbogbo rẹ̀ wá di 126 nínú 144 tí ẹ ní. Ínṣì 18 tó ṣẹ́kù wà fún ojú ayùn àti fún orí pákó tó bá ti la.

Ẹ jẹ́ kí ojú igi, ìyẹn àwọn ìlà tó gba ara igi kọjá, máa lọ sókè sódò lára ẹsẹ̀, kí ó sì máa lọ pẹ̀lú gígùn lára orí àpótí. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ gùn sí i tàbí kúrú sí i, fífẹ̀ rẹ̀ ló máa ń yí padà: yóò sún kì nígbà ọyẹ́, yóò sì wú nígbà òjò. Bí ẹ bá tò ó bí mo ṣe wí yìí, fífẹ̀ orí àti fífẹ̀ ẹsẹ̀ dojú kọ ọ̀nà kan náà, wọn yóò jọ sún kì, wọn yóò sì jọ wú, àpótí kò sì ní la nígbà tí atẹ́gùn ọyẹ́ bá dé.

Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti wíwọ̀n àti fífi pẹ́ńsù àti tiráì-síkúà, irinṣẹ́ tí a fi ń mú igun dọ́gba, fa ìlà. Ẹ má gbé ayùn rárá lọ́jọ́ náà. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ibi tí a bá ti ń wọ̀n tí a sì ń gé papọ̀ ni ìkánjú ti máa ń wọlé. Òwúrọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ fi gé gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìrọ̀lẹ́ kan fún fífi jáàkì, irinṣẹ́ ìfági, fá orí àti ẹsẹ̀ àpótí kan, òmíràn fún gígé ojú ibi tí pákó ẹ̀gbẹ́ yóò ti wọ ara ẹsẹ̀, òmíràn fún títò ó pọ̀ láìfi gọ́ọ̀mù sí i láti wò ó bóyá ó dúró ṣinṣin àti láti fi ṣísẹ́lì tún ibi tó bá há ṣe. Títò láìfi gọ́ọ̀mù yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò ó torí pé wọ́n rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Àkókò ló ń pa mọ́, nítorí pé àpótí tó wọ́ nígbà tí gọ́ọ̀mù ti wà lára rẹ̀ yóò gba ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́wọ́ yín, ó sì ṣeé ṣe kí ó gba pákó tuntun pẹ̀lú.

Ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni ó kúrú jù lọ, òun náà ni mo sì fẹ́ràn jù fún ẹni tí àyè há fún. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò kò béèrè ju ìṣẹ́jú díẹ̀ láti fi kun ojú ibi tó yẹ, kí a sì fi kíráǹpù, irinṣẹ́ tó ń fún igi pọ̀, dì í. Wákàtí kan ní ó kéré jù ni kíráǹpù gbọ́dọ̀ fi wà lára rẹ̀, ó sì tó nǹkan bí wákàtí 24 kí gọ́ọ̀mù tó le pátápátá. Gbogbo ìgbà yẹn, ẹ̀yin ti lọ sùn, ẹ ti lọ síbi iṣẹ́, ẹ ti dé, iṣẹ́ yín sì ń lọ láìsí yín níbẹ̀. Bákan náà ni fáníìṣì: ìṣẹ́jú 15 láti fi kùn ún, kí ó wá gbẹ títí di ọjọ́ kejì. Nítorí náà, ẹ máa ṣètò rẹ̀ kí ohun tó nílò dídúró máa bọ́ sí ọjọ́ tí àyè yín kéré jù, irú bí ọjọ́ tí ìpàdé olùkọ́ bá pẹ́. Ẹ ó tún lo sukúrúù pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, torí pé arère rọ̀, ìṣó lásán kì í pẹ́ tú kúrò lára rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò tó tín-ín-rín ju sukúrúù lọ kí pákó má bàa la.

Ibi tí àkókò ti ń sọnù jù ni mo fẹ́ bọ́ sí wàyí. Ẹ kíyè sí ìrọ̀lẹ́ kan nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò tò ó dáadáa: yóò wá pẹ́ńsù, yóò kó àpò sìmẹ́ńtì àti garawa kúrò lórí tábìlì iṣẹ́, yóò wá téèpù tí àwọn ọmọ mú lọ, yóò dúró ronú ibi tí òun bá iṣẹ́ dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, yóò rí i pé ṣísẹ́lì ti kú, yóò wá òkúta ìpọ́nrin. Kí ó tó gbé irinṣẹ́ lé igi, ìdajì àkókò rẹ̀ ti lọ. Ó wá parí ìrọ̀lẹ́ náà pẹ̀lú èrò pé iṣẹ́ igi kò ṣeé ṣe fún ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́. Èyí dùn mí púpọ̀, nítorí pé ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí tọkàntọkàn ni ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún.

Tábìlì iṣẹ́ yín kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi ìkẹ́rù. Bí ilé bá há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹrù kò fi ríbi lọ, ẹ kan pẹpẹ mọ́ ògiri fún ẹrù, kí orí tábìlì máa wà lófo nígbà gbogbo. Ẹ kan àwọn irinṣẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tí ẹ ń lò jù mọ́ ògiri níbi tí ọwọ́ ti tó wọn láìrìn: ayùn, jáàkì, ṣísẹ́lì méjì, òòlù onígi, tiráì-síkúà, téèpù, sukúdíráfà, dírílì ọwọ́. Àwọn yòókù lè wà nínú àpótí. Ẹ wá ọpọ́n tàbí páálí kan fún iṣẹ́ tó bá wà lọ́wọ́, kí gbogbo ègé igi rẹ̀, sukúrúù rẹ̀ àti ìwé ìwọ̀n rẹ̀ jọ wà nínú rẹ̀, débi pé bí ẹ bá gbé ọpọ́n yẹn sórí tábìlì, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn nínú ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ti igi rárá. Ẹ fi pọ́n irinṣẹ́ tí ẹ lò, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ ohun tó kàn sára igi náà gan-an: «Gé ojú ihò apá òsì», tàbí «Fá ẹ̀yìn, kò tíì dọ́gba». Àwọn kan a máa pọ́n irinṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi kò fara mọ́ ọn fún ẹni tí àyè rẹ̀ kéré, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ ni ara ti máa ń wọ́lẹ̀ jù, ohun tó bá sì dènà rẹ̀ níbẹ̀ lè dá a padà sínú ilé. Ṣísẹ́lì tí wọ́n lọ sí dígírì 25, tí a ń pọ́n ẹnu rẹ̀ lórí òkúta ní dígírì 30, kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ bí a kò bá jẹ́ kí ó kú pátápátá kí a tó pọ́n ọn.

Ọ̀rọ̀ iná àti ariwo tún kù. Àwọn iṣẹ́ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe lálẹ́ láàárín àdúgbò: lílu òòlù, lílo ayùn fún ìgbà pípẹ́, àti jẹnẹrétọ̀ tí a tàn nítorí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ẹ fi ìwọ̀nyí sí òwúrọ̀ Sátidé. Wíwọ̀n, fífi jáàkì fá igi, fífi sáńpépà ha á, lílẹ̀ àti kíkùn kò pariwo, iná sólà kékeré méjì sì tó fún wọn bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí òjìji ọwọ́ yín má bàa bo ìlà tí ẹ fà. Fún sáńpépà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 80, ẹ lọ sí 120, kí ẹ sì fi 180 parí. Àwọn ọmọ yín lè bá yín ṣe èyí, bí wọ́n bá ti parí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn, kí gbogbo yín sì lo ìbòmú.

Ohun kan wà tí ẹ kò mẹ́nu bà nínú ìbéèrè yín, ṣùgbọ́n tí yóò dé bí àwọn ènìyàn bá ti mọ̀ pé ẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn yóò gbé àga tó ṣẹ́ wá. Ìyá àdúgbò yóò ní kí ẹ bá òun wo ẹsẹ̀ tábìlì, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yóò ní kí ẹ bá àwọn kan pẹpẹ, àbúrò ọkọ yóò ní kí ẹ ṣe ibùsùn ọmọ. Kò sí ẹni tó ní èrò búburú nínú wọn, a kò sì lè lé àgbà padà pẹ̀lú àga lọ́wọ́. Síbẹ̀, bí ẹ bá gba gbogbo rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ méjèèjì yín ti di ti àwọn ẹlòmíràn, pákó arère yóò sì tún rí òjò ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú ni pé kí wọ́n ya Sátidé kan sọ́tọ̀ lóṣù fún àtúnṣe, kí wọ́n sì sọ ọjọ́ náà fún ẹni tó bá gbé nǹkan wá: «Ẹ jọ̀ọ́, mà, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni mo máa ń ṣe àtúnṣe, ẹ bá mi gbé e wá lọ́jọ́ náà.» Ẹni tó bá nílò rẹ̀ lóòótọ́ yóò gbé e padà wá. Iṣẹ́ tó tóbi bíi ibùsùn, ẹ júwe káfíńtà tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun fún wọn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ní ti ẹ̀rọ ayùn, èrò mi ni pé kí ẹ má tíì rà á. Ẹ̀rọ yára bí iṣẹ́ bá pọ̀ ní irú kan náà, bí ẹni tó fẹ́ gé ẹsẹ̀ àga ogójì. Fún ègé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àkókò tí a ó fi tò ó, tí a ó fi wá iná fún un, tí a ó sì fi gbá ìyẹ̀fun igi rẹ̀ mọ́ lè ju èyí tí ayùn ọwọ́ tó mú yóò gbà lọ. Ohun mìíràn ni pé ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ ni ẹ ó máa lò ó, nígbà tí ojú ti rẹ̀, ẹ̀rọ ayùn kì í sì í foríji ọwọ́ tó ṣì lọ. Bí fífá pákó bá jẹ́ ohun tó ń gba àkókò yín jù, ní ọ̀pọ̀ ọjà pákó ẹ ó rí àwọn tó ní ẹ̀rọ ìfági tí wọn yóò fá ojú méjèèjì fún yín kí ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀. Owó díẹ̀ ni, ó sì lè gbà yín ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Mo tún yìn yín pé arère lẹ rà. Kò le bí apá tàbí ìrókò, kò sì ní pẹ́ tó wọn, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ayùn àti jáàkì ń wọ inú rẹ̀ kíákíá, èyí sì ni igi tó yẹ ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe é ní ìṣẹ́jú 40. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta igi tí wọ́n ń pè ní Mansonia fún yín nítorí àwọ̀ rẹ̀ tó dára, ẹ rántí pé ìyẹ̀fun rẹ̀ a máa yọ ènìyàn lẹ́nu nímú àti lára, ṣọ́ọ̀bù kékeré tí a fi páànù kọ́ kò sì dára fún un.

Àbùkù tí arère ní ni pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà òjò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fa ìlà kankan sí i. Bí ẹ bá rí ihò kéékèèké bíi ojú abẹ́rẹ́, tí ìyẹ̀fun sì ń dà jáde lára rẹ̀ bí èlùbọ́, ẹ gé apá ibẹ̀ dànù. Àwọ̀ aró-aró tó bá wà lára rẹ̀ kò bà á jẹ́, ìrísí nìkan ló kàn. Bí pákó bá ṣì tutù, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ fi igi tín-ín-rín sábẹ́ rẹ̀ ní ibi mẹ́ta kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá, kí ẹ sì fi í sí ibòòji. Ẹ má ṣe kó o sínú oòrùn kí ó lè tètè gbẹ, yóò wọ́.

Ó ku ìbéèrè yín tó kẹ́yìn. Ẹ wọn àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ sì gé wọn pọ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé kan, nítorí pé ìwọ̀n kan náà ni, ẹ kò sì ní láti tún tiráì-síkúà àti ayùn tò lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ibi fífá lọ, ẹ ya ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ẹ sì mú un dé òpin kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Bí ẹ bá fá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ẹ gé ojú ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ẹ tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yóò kọjá láìsí ohun tí ènìyàn lè jókòó lé, kíráǹpù tí ẹ ní kò sì ní tó. Àpótí àkọ́kọ́ ni yóò tún fi hàn yín bóyá ínṣì 10 ga tó fún ìdí àdògán yín tàbí kí ẹ dín ẹsẹ̀ àwọn méjì tó kù kù díẹ̀. Nítorí náà, ẹ di àwọn ègé ti èkejì àti ẹ̀kẹta pọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tò wọ́n sórí pẹpẹ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá orí ti àkọ́kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.